Eérú Tí Ó Jóni Níwájú Orí

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ọdún dé nínú ìjọ náà kò nílò kàlẹ́ńdà. Kí ó wo Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, Ọjọ́rú Eérú ni ó wọlé dé yẹn, àwẹ̀ ogójì ọjọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gun àkàbà, tí ó ń fi aṣọ elésè-àlùkò bo ojú àwọn ère, Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìda àbẹ́là lábẹ́ èékánná, ọdún Àjíǹde nìyẹn. Aṣọ pupa léjìká, Pẹ́ńtíkọ́sì. Bí ẹ bá sì rí koríko gbígbẹ nínú irun rẹ̀, tí ó ń rìn bí ẹni tí ó jí nǹkan gbé, Kérésìmesì ti dé. Ó ń lọ tẹ́ ibùjẹ ẹran tí a óò gbé Ọmọ náà sí.

Atún-aago-ṣe ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn méjì lè jókòó sí kí orúnkún wọn má kan ara. Ojú kan ni ó máa ń há díńgí kékeré tí ń sọ nǹkan di ńlá sí, tí yóò máa fi ẹ̀mú yọ èérí tí irun ìpéǹpéjú nípọn jù lọ. Ojú rẹ̀ a máa rí ohun tí ó kéré. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun kékeré kì í kéré lójú rẹ̀. Bí àga bá fi ìbú ìka kan kúrò ní àyè rẹ̀, yóò béèrè ẹni tí ó jókòó sí i àti ohun tí ẹni náà ń wá. Aya rẹ̀, tí ó jẹ́ aránṣọ, a máa wí pé: "Bí atẹ́gùn bá ṣí ilẹ̀kùn wa, bàbá ilé yìí á ní kí atẹ́gùn wá sọ ẹni tó rán an."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń tọ́jú yàrá ìmúra Fadá tẹ́lẹ̀, níbi tí a ń kó aṣọ Mísà, àbẹ́là, tùràrí àti ife mímọ́ sí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà kú, Fadá gbé òrùka irin tí gbogbo kọ́kọ́rọ́ wà lórí rẹ̀ lé àbúrò lọ́wọ́. Opó tí olóògbé fi sílẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀. Òun ni ó ń fọ aṣọ pẹpẹ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Inú ilé ni ó bá Bàbá Kọ́kọ́rọ́ nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó, nítorí náà kì í dárúkọ rẹ̀. "Ọkọ mi" ni ó ń pè é. Òun náà ń pè é ní "ìyàwó wa". Ẹni tí ó bá gbọ́ wọn yóò rò pé kò sí ohun tí ó lè gba àárín wọn kọjá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ti dé ọwọ́ Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé obìnrin náà rò pé òun ni ó yẹ kí a fún. Obìnrin náà kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Èyí gan-an ni ó mú un fura: kí ló dé tí kò sọ ọ́?

Àṣà wọn ni pé imọ̀ ọ̀pẹ tí olúkúlùkù bá gbà ní Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ kì í di ohun ìdànù. Yóò wà lára ògiri ilé fún ọdún kan gbáko, yóò gbẹ, yóò pọ́n bí awọ. Nígbà tí àwẹ̀ mìíràn bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, wọn yóò dá a padà, a óò sì dáná sun ún. Eérú rẹ̀ ni Fadá yóò fi ya àgbélébùú sí iwájú orí gbogbo wọn, kí wọ́n lè rántí pé erùpẹ̀ ni wọ́n.

Ní ọdún kìn-ín-ní tí ó gba iṣẹ́ náà, gbígbẹ ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gbé eérú fún Fadá. Ó ń bọ́ sí àwọn ènìyàn lójú, ó ń bọ́ sí wọn lórí imú. Fadá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ wá nǹkan ṣe sí i, kó lè máa lẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, nítorí kò sí aago tí ó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n tún gbé padà wá.

Ní ọdún kejì, ó fi gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ sí i. Ó sun imọ̀ ọ̀pẹ náà títí tí kò fi ku ẹyọ èédú kan, tí eérú rẹ̀ di funfun bí ewú. Ó fi aṣọ tí ó fi ń nu ẹ̀yà aago jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó da omi sí i, ó pò ó pọ̀ nínú ìkòkò kékeré kan, ó fi ọmọrí dé e, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Eérú náà lẹ̀ lóòótọ́. Ó lẹ̀ bí ọ̀dà. Kí wọ́n tó kọ orin ìkẹyìn tán, àwọn ènìyàn ti ń họra. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, àgbélébùú pupa ti yọ sí iwájú orí wọn bí ẹni tí a fi irin gbígbóná sàmì sí. Àtàǹpàkò Fadá bó. Kátíkíìsì, ẹni tí orí rẹ̀ pá, tí Fadá sì ti rí àyè ya tirẹ̀ gbàgàdà, kò lè dé fìlà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá arúgbó kan ní ẹ̀ṣẹ̀ òun ni ó ń jó òun. Ọmọ rẹ̀ dáhùn pé, "Tèmi náà ńkọ́, Mọ̀ọ́mì, èmi tí mi ò tíì ráyè dẹ́ṣẹ̀ lọ́dún yìí?"

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ bí aago tí kò rìn, ó ń wo ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ta ni ó wọ yàrá náà? Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tí òun lọ lu agogo, alágbàfọ̀ gbé aṣọ pẹpẹ tí ó lọ̀ wá. Òun nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn sódà ìfọṣọ, bí ó ti máa ń rùn lójoojúmọ́. Ìdìmú ọmọrí ìkòkò náà kọjú sí fèrèsé nígbà tí òun jáde. Nígbà tí òun padà, ó dà bí ẹni pé ilẹ̀kùn ni ó kọjú sí. Lẹ́yìn Mísà, obìnrin yìí kan náà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọkọ mi, eérú yín tọdún yìí mú ju ata lọ o. Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ bó lára wa tawọ-tawọ ni?" Ó sì rẹ́rìn-ín.

Iwájú orí tirẹ̀ náà pọ́n. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ro èyí títí, ó sì rí ìdáhùn: ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ibi kí a má mọ̀, ṣé kò ní fi díẹ̀ kan ara rẹ̀ ni?

Odidi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ó fi ṣọ́ ọ. Ó ń gbóòórùn aṣọ pẹpẹ kí ó tó tẹ́ ẹ. Ó kọ wákàtí tí obìnrin náà wọlé àti èyí tí ó jáde sínú ìwé pélébé kan. Bí alágbàfọ̀ bá kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, yóò ní ó ń fi ẹnu dídùn bo nǹkan mọ́lẹ̀. Bí kò bá ráyè kí i dáadáa, yóò ní ẹ̀rí ọkàn ni ó ń dà á láàmú.

Ní Ọjọ́ Ajé Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó láti pín iṣẹ́: ẹni tí yóò gbé àgbélébùú ní Ọjọ́ Ẹtì, àwọn méjìlá tí Fadá yóò fọ ẹsẹ̀ wọn ní Ọjọ́bọ̀. Alágbàfọ̀ jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, aṣọ pẹpẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ wà ní itan rẹ̀. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ dìde.

"Ká tó pín iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tá à ń pín in fún. Ẹnì kan ṣoṣo ló dá wọ yàrá yẹn láàárọ̀ Ọjọ́rú Eérú. Sódà sì lẹni náà fi ń jẹun."

"Ọkọ mi, ṣé èmi lẹ ń bá wí?"

"Ẹni tó mọ ara ẹ̀ ni mò ń bá wí."

"Rárá o. Ẹ wò mí lójú, kí ẹ sọ ọ́."

"Ó dáa, ìwọ ni. Kí lo fi sínú eérú?"

Fadá na ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n má fi ìbínú wọ Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kátíkíìsì, tí àmì rẹ̀ kò tíì parẹ́, ń wo bàtà ara rẹ̀. Alágbàfọ̀ wò wọ́n yí ká, bóyá ẹnì kan yóò la ẹnu. Nígbà tí kò sí ẹnì kankan, ó dìde, ó gbé aṣọ náà sórí àga tí ó fi sílẹ̀.

"Aṣọ yín rèé. Ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹ o, kó má lọ jó Jésù."

Ó jáde. Láti ọjọ́ náà, kò fọ aṣọ pẹpẹ mọ́. Kò tán síbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbé aṣọ fún un jẹ́ ọmọ ìjọ. Kí ọdún Àjíǹde tó parí, wọ́n ti kó aṣọ wọn lọ síbòmíràn. Wúyẹ́wúyẹ́ ń lọ pé ẹni tí ó lè fi sódà sí eérú mímọ́, kí ni kò lè fi sí ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì? Àwọn ọmọ ilé méjèèjì kò bẹ ara wọn wò mọ́. Obìnrin náà lọ wá iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn, ó ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn.

Ó yẹ kí ọkàn Bàbá Kọ́kọ́rọ́ balẹ̀. Kò balẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ejò kan nínú koríko, gbogbo koríko ni ó di ejò lójú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta Mímọ́, nígbà tí a dá iná tuntun tí a sì fi tan àbẹ́là ńlá ọdún Àjíǹde, ó rò pé òwú àbẹ́là náà kúrú ju bí òun ti fi í sílẹ̀ lọ. Kí Pẹ́ńtíkọ́sì tó dé, ó pààrọ̀ àgádágodo. Ní ọjọ́ tí a gbé Ara Olúwa yí àdúgbò ká, tí àwọn ọmọbìnrin ń fọ́n òdòdó síwájú Fadá, ó ti tú apẹ̀rẹ̀ òdòdó kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó gbéra, títí ọmọ kan fi bi í pé, "Bàbá, ṣé òdòdó náà máa ń bu ènìyàn jẹ ni?"

Ní ọjọ́ tí a ń gbàdúrà fún gbogbo òkú, ó gbé àbẹ́là lọ sí ibojì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a ní ríro, kò sí ewé kan lórí rẹ̀. Àbẹ́là kan sì ń jó níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó mọ ẹni tí ó ti wá. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àbẹ́là náà sókè, ó wo ìdí rẹ̀ bóyá ti ilé ìjọsìn ni. Kì í ṣe tiwọn. Ó gbé e padà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú sì tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tì í tó.

Ní Kérésìmesì, àṣà ni pé ibùjẹ ẹran yóò wà ní òfìfo títí di Mísà àìsùn ọdún. Ìgbà náà ni a óò tó gbé ère Ọmọ náà sí i. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kò fi ère náà sí àpótí. Ó fi aṣọ wé e, ó sì gbé e sínú àpò kóòtù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kátíkíìsì rí i ní ṣọ́ọ̀bù. "Màríà gbé e fún oṣù mẹ́sàn-án," ó ní. "Tiyín ti wọ ọjọ́ mélòó, bàbá?"

Báyìí ni ọdún ṣe yí po. A bùkún fún àbẹ́là ní oṣù kejì, imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, apẹ̀rẹ̀ ńlá méjì kún. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ pinnu pé ẹ̀dá kan kò ní fi ojú kan eérú náà. Apẹ̀rẹ̀ kan ni ó sun. Ó jọ̀ ọ́, ó da omi sí i ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi ọmọrí dé e, ó yọ́ ìda lé etí ọmọrí náà yí ká, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ìda náà wà digbí. Ó fi díńgí kékeré wò ó. Kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n nítorí pé kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìyẹ̀ wò, ó gbé ìkòkò náà délé, ó ṣí i, ó bu díẹ̀ sí inú ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé aago síwájú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí nǹkan. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún, ó ń yún un. Nígbà tí yóò fi pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ojú ibẹ̀ ti pọ́n, ó ń ta á bí iná.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò fura sí. Alágbàfọ̀ kò tẹ ọgbà náà láti oṣù mẹ́wàá. Fèrèsé ní irin. Ìkòkò náà, òun ni ó rà á. Aya rẹ̀ ń wò ó láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ó ku èmi, àbí? Ẹ bi mí, ká jọ parí ẹ̀."

"Mi ò rẹ́rìn-ín o."

"Èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Ta ló po eérú?"

"Èmi ni."

"Ta ló tì í mọ́lé?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ ti wá bi ẹni yẹn léèrè ọ̀rọ̀?"

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ dìde. Ó gbé fìlà, ó jáde. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni Mísà.

Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn ni alágbàfọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn funfun ni ó kún orí okùn láti ògiri dé ògiri. Ènìyàn ní láti tẹ orí ba kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà rí i, kò dá iṣẹ́ dúró. Áyọ́ọ̀nù ń lọ, ó ń bọ̀. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ na ọwọ́ rẹ̀ tí ó pọ́n síwájú.

"Kí lẹ fọwọ́ kàn?" ni obìnrin náà bi í.

"Eérú."

"Kí lẹ fi pò ó?"

"Omi."

"Omi nìkan?"

"Omi nìkan ni."

"Látìgbà wo?"

"Lánàá. Lọ́sàn-án."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe é lọ́dún tó kọjá?" Ó mi orí. "Ẹ rẹ eérú funfun sómi mọ́jú. Ọkọ mi, omi tí wọ́n fi ń se ọṣẹ kí sódà tó dé lẹ ṣe yẹn. Kò yàtọ̀ sí sódà, àfi pé ẹ ò rà á lọ́jà. Ẹ̀gbọ́n yín kì í jẹ́ kómi kàn án. Òróró ólífì ni, díẹ̀, tí Mísà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ojú mi ló ṣe máa ń pò ó."

"Kí ló dé tó ò…" Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Tí mi ò sọ? Kí ni mo fi sínú eérú lẹ bi mí. Ẹ ò bi mí pé kí ló ń jó àwọn èèyàn. Torí pé mo mọ sódà lẹ ṣe fura sí mi. Torí ẹ̀ náà ló yẹ kẹ́ ẹ wá bá mi."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ṣí fìlà. Láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti wọ ilé wọn, kò pè é ní ẹ̀yin rí. "Ẹ má bínú," ni ó wí.

"Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tẹ́ ẹ ti sọ tàkọ́kọ́."

"Ìgbìmọ̀ ò ní jókòó títí di oṣù tó ń bọ̀."

"Kì í ṣe ìgbìmọ̀ ló kó aṣọ wọn kúrò lọ́dọ̀ mi." Ó tún gbé áyọ́ọ̀nù.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ da eérú náà nù. Ó sun apẹ̀rẹ̀ kejì, ó jọ̀ ọ́, ó wá òróró. Nígbà tí ó sọ fún Fadá pé òun fẹ́ bá ìjọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba eérú, Fadá rò ó wò. Ó ní, ṣé ó dìgbà tí ó bá sọ ọ́ lójú gbogbo ayé? Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, òun yóò kà á ní Ọjọ́ Àìkú kan.

"Fadá, lójú yín ni mo ṣe fẹ̀sùn kàn án. Ẹ ò ka tìyẹn látinú ìwé."

Fadá jẹ́ kí ó lọ.

Ó dúró níwájú wọn, àwo eérú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó ní eérú tí ó jó wọn lọ́dún tí ó kọjá, òun ni òun fi omi bà á jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan sí i. Irọ́ ni òun pa mọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun, irọ́ náà sì ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ó ní tọdún yìí, òróró ni ó wà nínú rẹ̀. Ìyá arúgbó náà fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Gbogbo wọn ń wo àwo náà bí ẹni ń wo ajá tí olówó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kì í gbéni ṣán.

Nígbà tí Fadá sọ̀ kalẹ̀, tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gbé àwo tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tí ó dìde. Kátíkíìsì ń wo ẹni tí yóò ṣáájú. Orin bẹ̀rẹ̀. Láti ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, ẹnì kan ń bọ̀: alágbàfọ̀ ni, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà dìde bí ó ti ń kọjá, wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀.

Fadá gbé àtàǹpàkò sókè. Obìnrin náà na ọwọ́ dí i. Ó fi ìka kan bu eérú nínú àwo tí ó wà lọ́wọ́ Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ó gbé e sí imú, ó fi pa ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó sì dúró, ó ń wò bóyá yóò yún un. Orin parí. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ìlà ti gùn dé ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹni tí ó ti ẹnikẹ́ni. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ di àwo mú, kò gbójú sókè.

Alágbàfọ̀ wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹni tí ó gbé àwo, ó tún wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù fún mi, Fadá," ó ní. "Àkókò ẹ̀ ò tíì pé."